Ààwẹ̀ Ọjọ́ Méjìlélógún

Ẹ kú ilé o, Màámi. Ẹ kú ìrọ́jú, ẹ kú àdúrà, ẹ sì kú ojú lọ́nà. Èmi Gbénga, àkọ́bí yín, dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí kápẹ́ẹ̀tì ilé onílé níhìn-ín, mo ní kí ara yín le. Mo kí Bísí àbúrò mi, tí yóò ka lẹ́tà yìí sí yín létí nítorí ojú yín tó ń ṣe bàìbàì. Mo kí Ìyá Ṣẹ́gun, ọ̀rẹ́ yín láti ìgbà ọmọge, ẹni tí ọ̀rọ̀ inú lẹ́tà yìí kàn gbọ̀ngbọ̀n. Mo kí Pásítọ̀ àti gbogbo ìjọ Onítẹ̀bọmi wa ní Ẹdẹ, pàápàá ẹ̀yin ìyá tí ẹ máa ń pàdé fún àdúrà lọ́jọ́rú. Bísí, má sáré kà á. Bí Màámi bá ní kí o dúró díẹ̀, dúró. Ṣùgbọ́n rí i pé o kà á dé òpin.

Màámi, ẹ ó bi mí pé kí ló dé tí mi ò fi pè yín lórí fóònù. Mo pè. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo pè yín lọ́sẹ̀ tó kọjá nítorí ọ̀rọ̀ yìí. Bí ẹ bá ti gbé e báyìí, orin lẹ máa ń fi bẹ̀rẹ̀. Ẹ ó pè mí ní Ẹ̀rí Olúwa, orúkọ tuntun tí ẹ sọ mí, ẹ ó sì máa gbàdúrà lọ títí owó inú fóònù mi yóò fi tán. Mi ò ráàyè bọ́ sí i. Kí n má purọ́ kún irọ́, mo ráàyè. Ẹnu mi ni kò gbà á. Ìdí nìyẹn tí mo fi kọ ọ́ sílẹ̀, tí mo sì ní kí wọ́n tẹ̀ ẹ́ jáde kí ẹni gbogbo kà á. Gbangba lẹ ti jẹ́ ẹ̀rí nípa mi, kò yẹ kí n wá máa tún un ṣe ní kọ̀rọ̀. Kí ọjọ́ Ajé tó ń bọ̀ tó pé, mo fẹ́ kí Ìyá Ṣẹ́gun ti gbọ́ ohun tó wà níbí, torí bí wọn kò bá gbọ́ ọ, ẹ̀rù ń bà mí pé a lè pàdánù wọn.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ ròyìn ara mi, kí ọkàn mi lè balẹ̀ díẹ̀. Mo wà láàyè. Ìlú kékeré kan ní ìhà àríwá ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni mo ṣì wà. Mo sọ fún yín nígbà kan pé ilé iṣẹ́ oúnjẹ ni mo ti ń ṣiṣẹ́, Bísí sì ní ẹ ti ń sọ fún àwọn aládùúgbò pé ọ̀gá ni mí níbẹ̀. Màámi, adìyẹ là ń gé. Apá ọ̀tún ni tèmi. Adìyẹ á máa bọ̀ lórí ẹ̀rọ, wọ́n ti fi ẹsẹ̀ gbé e kọ́, èmi á gé apá ọ̀tún, ẹni tó kọjú sí mi á gé apá òsì, òmíràn á sì ti dé. Láti aago mẹ́fà àárọ̀ títí di aago méjì ọ̀sán nìyẹn. Ọwọ́ tó ń mú ṣọ́ọ̀kì nílé ìwé girama tẹ́lẹ̀, ọ̀bẹ ló ń mú báyìí, ìka méjì kì í sì í ká mọ́ bí mo bá jí láàárọ̀. Bí ẹ bá gbé ìtan adìyẹ síwájú mi lọ́jọ́ Kérésì, ẹkún ni n ó sun.

Ní ti ojú ọjọ́, òtútù ni níta, òtútù ni nínú ilé iṣẹ́, torí pé ẹran kò gbọdọ̀ bàjẹ́. Òjò ibí kì í rọ̀ kunkun, kì í sì í dá. Lọ́dọ̀ wa, òjò á ṣú, á rọ̀, á dá, kálukú á mọ ibi tó kù sí. Tibí kàn ń kán sí ni lára bí ọ̀rọ̀ tí kò tán nínú ẹni tó ń sọ ọ́. Àwa márùn-ún la jọ ń lo ilé ìdáná kan, mo mọ orúkọ wọn, wọ́n mọ tèmi, ìkíni wa kò sì ju mímì orí lọ. Lọ́jọ́ Ìsinmi mo máa ń rìn lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì àwọn òyìnbó kan tó wà nítòsí. Arúgbó mọ́kànlá àti èmi ni. Wọ́n máa ń gbàdúrà bí ẹni tí kò fẹ́ jí ọmọ tó ń sùn. Mo kọ́kọ́ ń fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ nínú ọkàn mi. Báyìí ó ti mọ́ mi lára.

Owó tí mò ń fi ránṣẹ́ kò pọ̀, mo mọ̀, ẹ kò sì ráhùn rí. Ẹ ṣeun. Ó rẹ̀ mí, Màámi. Mi ò lè pe orúkọ mìíràn fún un.

Ọ̀rọ̀ náà rèé. Ìwé ìgbélùú tí ẹ torí rẹ̀ gbààwẹ̀, tí ẹ torí rẹ̀ dúpẹ́, mi ò rí i gbà. Kò sí ìgbà kankan tí mo rí i gbà. Irọ́ ni mo pa fún yín.

Ẹ rántí bó ṣe bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí mo kọ̀wé béèrè fún un, ẹ bi mí lọ́jọ́ tí èsì yóò jáde, mo ní mi ò mọ̀. Bí ẹ ṣe jẹ́ ẹ̀jẹ́ níwájú Ọlọ́run nìyẹn, pé oúnjẹ kò ní kan ẹnu yín lójúmọmọ fún ogójì ọjọ́. Bí ìwé bá jáde kí ogójì tó pé, ẹ ó jáwọ́; bí kò bá jáde, ẹ ó tún bẹ̀rẹ̀ ogójì mìíràn, bí ẹni ń bá oníṣòwò dúnàá-dúrà. Ẹni ọdún mọ́kànléláàádọ́rin, tí dókítà ti kìlọ̀ fún nítorí ọgbẹ́ inú. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, Bísí pè mí pé ẹsẹ̀ yín ti wú. Ó ní òun bá yín lórí ìjókòó nílẹ̀ ilé ìdáná, ẹ kò lè dìde, àti pé nígbà tí òun po ògì fún yín, ńṣe lẹ yíjú sí ògiri. Mo pè yín, mo bẹ̀ yín. Ẹ bi mí bóyá mo fẹ́ kí ẹ purọ́ fún Ọlọ́run ni. Ẹ ní ẹ̀jẹ́ kì í ṣe ohun tí à ń fi ṣeré.

Nígbà náà ni mo rò ó pé, bó bá jẹ́ ìwé nìkan ló lè dá ààwẹ̀ náà dúró, ẹ jẹ́ kí ìwé jáde. Lọ́jọ́ kejì, nígbà ìsinmi ráńpẹ́ tí wọ́n máa ń fún wa, mo dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibi tí à ń kó aṣọ sí, mo pè yín, mo ní wọ́n ti fún mi. Ẹ pariwo. Bísí ní ẹ kúnlẹ̀ sórí sìmẹ́ǹtì ojúde. Lẹ́yìn náà ó po ògì, ó ra àkàrà, ẹ sì ní kí n má pa fóònù, kí ẹ lè máa gbóhùn mi bí ẹ ti ń jẹun. Mo gbọ́ ìró ṣíbí. Màámi, ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́ yìí náà: inú mi dùn lọ́jọ́ yẹn. Mi ò kábàámọ̀ rárá. Mo ṣírò rẹ̀ pé ìwé náà kò ní pẹ́ jáde, irọ́ mi yóò sì di òótọ́. N ó kàn ti fi ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan ṣíwájú Ọlọ́run ni. Olùkọ́ ìṣirò ni mí, ṣùgbọ́n ìṣirò yẹn kò jáde.

Ohun tí mo gbàgbé ni irú ènìyàn tí a jẹ́. Nínú ìjọ wa, a kì í rí oore gbà ká dákẹ́. Ọjọ́ Ìsinmi tó tẹ̀ lé e, ẹ jó láti ẹnu ọ̀nà dé iwájú pẹpẹ, ẹ gbé iṣu àti ọsàn lọ, wọ́n sì gbé ẹ̀rọ ìsọ̀rọ̀ lé yín lọ́wọ́. Bísí fi fídíò rẹ̀ ránṣẹ́ sí mi. Ibi tí mo ti ń dúró de ọkọ̀ ni mo ti wò ó. Ẹ sọ fún ìjọ pé ogójì lẹ dá fún Ọlọ́run, pé kò jẹ́ kó pé, pé ọjọ́ kejìlélógún gan-an ló dá yín lóhùn. Ìjọ pariwo ní halelúyà. Ìyá Ṣẹ́gun wà lẹ́yìn yín, wọ́n di ìró yín mú kó má baà tú, wọ́n sì ń sunkún jù yín lọ.

Ẹyin lohùn. Kí oṣù yẹn tó parí, Bísí ní àwọn ìyá ọjọ́rú ti ń pè é ní ààwẹ̀ Ìyá Gbénga. Ọjọ́ méjìlélógún, kò gbọdọ̀ dín, kò gbọdọ̀ lé. Ẹni tí oúnjẹ bá kan ẹnu rẹ̀ kí oòrùn tó wọ̀, á padà sí ọjọ́ kìíní. Ta ló ṣe òfin yẹn? Bísí ní kò sẹ́ni tó mọ̀. Ẹnì kan gbà á nítorí ìdánwò ọmọ rẹ̀ ní Poli, ẹnì kan nítorí ẹjọ́ ilẹ̀ tó wà nílùú Awo, àwọn méjèèjì sì rí ohun tí wọ́n ń wá, bẹ́ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ náà ṣe lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Mi ò bá wọn jà. Bí Ọlọ́run bá ṣe é fún wọn, kí wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n kò sí ohun kankan nínú méjìlélógún, ẹ̀yin ìyá mi. Ọjọ́ tí ẹ̀rù ba ọmọ kan pé ìyá òun lè kú ni, tó sì purọ́. Bó bá jẹ́ ọjọ́ kọkàndínlógún ni ọkàn mi kó sókè, kọkàndínlógún lẹ̀ bá máa kà.

Ó ṣeé ṣe kí n dákẹ́ síbẹ̀, kí n máa retí ìgbà tí ọ̀rọ̀ náà yóò rọlẹ̀. Ọ̀rọ̀ Ìyá Ṣẹ́gun ni kò jẹ́. Gbogbo ẹni tó wà nínú ìjọ ló mọ̀, ṣùgbọ́n nítorí àwọn tí yóò ka lẹ́tà yìí níbòmíràn, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́: Ṣẹ́gun nìkan ni wọ́n bí. Èmi àti rẹ̀ la jọ ṣèrìbọmi lọ́jọ́ kan náà. Ó gba ọ̀nà aṣálẹ̀ lọ sí Líbíà lọ́dún méjì sẹ́yìn, ó pe ìyá rẹ̀ lọ́jọ́ kan pé òun ti dé etí òkun, láti ìgbà náà a kò gbúròó rẹ̀ mọ́. Ìyá rẹ̀ kò dá iṣẹ́ télọ̀ wọn dúró lọ́nà Alájué. Wọ́n á máa wa máṣíìnì, fóònù á wà lórí aṣọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn, wọn kì í sì í jẹ́ kí iná rẹ̀ kú. Wọ́n ní ẹ̀jẹ̀ ríru. Oògùn wọn, ẹ̀yìn oúnjẹ àárọ̀ ni wọ́n ń lò ó. Nígbà tí àwọn náà bẹ̀rẹ̀ ààwẹ̀ yìí nítorí Ṣẹ́gun, tí kò sí oúnjẹ àárọ̀ mọ́, wọ́n kó oògùn pamọ́ sínú àpótí tí wọ́n ń kó òwú sí.

Ní ọjọ́ kẹtàdínlógún, wọ́n ṣubú lé máṣíìnì. Àwọn aládùúgbò fi kẹ̀kẹ́ gbé wọn dé ọsibítù, wọ́n fa omi sí wọn lára, wọ́n fún wọn lóúnjẹ. Nígbà tí ojú wọn wálẹ̀, Bísí ní ẹkún ni wọ́n bú sí, kì í ṣe nítorí àìsàn, bí kò ṣe pé oúnjẹ ọsibítù ti ba ọjọ́ mẹ́tàdínlógún àwọn jẹ́. Ẹnu wọn ti wọ́ díẹ̀ sápá kan. Ọwọ́ òsì kò lè di abẹ́rẹ́ mú dáadáa mọ́. Dókítà ní bí wọ́n bá tún fi oògùn sílẹ̀, òun kò lè sọ ohun tí yóò ṣẹlẹ̀. Síbẹ̀ wọ́n ní ọjọ́ Ajé làwọn yóò tún bẹ̀rẹ̀ láti ọjọ́ kìíní. Bísí sì wá sọ èyí tó lé oorun lójú mi, pé ẹ̀yin náà ti ṣèlérí pé ẹ ó bá wọn gbà á, kí ẹni méjì lè fohùn ṣọ̀kan. Ẹ̀yin méjèèjì, Màámi! Irọ́ tí mo pa kí ẹ lè jẹun ló tún ń bọ̀ wá gba oúnjẹ lẹ́nu yín.

Ẹ jẹ́ kí n parí ti ìwé náà. Lẹ́tà ìjọba dé ní ọ̀sẹ̀ kejì lẹ́yìn ìdúpẹ́ yín. Wọn kò gbà. Mo ti pẹjọ́ kò-tẹ́-mi-lọ́rùn, lọ́yà ní ó lè pẹ́, wọ́n sì ní kí n máa ṣiṣẹ́ lọ títí ẹjọ́ yóò fi parí. Ó ṣeé ṣe kí wọ́n gbà. Ó sì ṣeé ṣe kí ẹ rí mi lẹ́nu ọ̀nà lọ́jọ́ kan pẹ̀lú báàgì kan ṣoṣo. Mi ò mọ èyí tí yóò jẹ́.

Fún bí oṣù kan lẹ́yìn lẹ́tà yẹn, mi ò lè gbàdúrà. N ó kúnlẹ̀, n ó tún dìde. Ohun tó ń jẹ mí lọ́kàn ni pé bóyá irọ́ mi ló ba àdúrà yín jẹ́, pé Ọlọ́run ti fẹ́ gbà, mo wá fi ìkánjú mú un bínú. Mo sọ ọ́ fún Ràṣídì. Ọmọ Ìwó ni, òun ló ń gé apá òsì. Ìgbà ààwẹ̀ wọn la wà nígbà náà, adìyẹ ń kọjá níwájú rẹ̀ láti àárọ̀, omi kò sì kan ẹnu rẹ̀. Mo bi í pé kí ló ń fi ààwẹ̀ tirẹ̀ tọrọ. Ó ní òun kò fi tọrọ nǹkan kan, pé Ọlọ́run ló ní kí àwọn gbà á, òun sì ń gbà á kí òun lè rántí ẹni tó ni òun. Ó ní bó bá jẹ́ pé ebi ni à ń fi ń fa Ọlọ́run lápá, kò bá tí sí tálákà kankan mọ́ n'Ìwó, nítorí àwọn ti ń gbààwẹ̀ ọ̀fẹ́ láti January dé December. Mo rẹ́rìn-ín títí ọ̀gá fi wo apá ọ̀dọ̀ wa. Ó wá ní ààwẹ̀ kì í ṣe ẹgba tí a fi ń na Ọlọ́run. Ẹ má ní Mùsùlùmí ló ń kọ́ ọmọ yín lẹ́kọ̀ọ́ báyìí. Ilé Mùsùlùmí ni wọ́n ti bí ẹ̀yin náà, ẹ sì mọ̀ pé ọ̀rọ̀ gidi ni.

Ọ̀rọ̀ rẹ̀ ló mú mi rántí kíláàsì ìrìbọmi wa, tí ẹ̀yin fúnra yín kọ́. Ẹ bi wá pé ta ló lè ra ìgbàlà. Ṣẹ́gun na ọwọ́ sókè, ó ní òun yóò ta kẹ̀kẹ́ ológeere bàbá òun. Gbogbo wa bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀yin kò rẹ́rìn-ín. Ẹ ní bí a bá ta gbogbo Ẹdẹ, ilé àti oko, kò tó o, àti pé ẹni tó san án ti san án tán. Ẹ ní ìgbàgbọ́ kò ju kéèyàn na ọwọ́ gbà á lọ. Mo ṣì rí yín bí ẹ ṣe na àtẹ́lẹwọ́ yín méjèèjì sí wa, ẹfun ṣọ́ọ̀kì wà lára rẹ̀. Nítorí náà mo bi yín, olùkọ́ mi: Ẹni tó fún wa ní ìgbàlà láìgba kọ́bọ̀, ṣé òun náà ló wá ń ta ìwé ìgbélùú ní ogójì ọjọ́ ebi? Ṣé ó wá ń ta ìròyìn Ṣẹ́gun fún ìyá rẹ̀ ní méjìlélógún? Ẹni tó fi odindi ilé tọrẹ kò ní dúró lẹ́nu ọ̀nà kó máa ta kọ́kọ́rọ́.

Mi ò ní kí ẹnikẹ́ni má gbààwẹ̀. Kí n tó lajú ni ẹ ti ń gbà á, ìgbà náà kò sí ẹni tó ń ka ọjọ́, ẹ kì í sì í sọ fún ẹnikẹ́ni. Àwa la sọ ọ́ di ọjà. Èmi ni mo gbé iye lé e.

Ẹ ó ní kí wá ni àdúrà wà fún. Bàbá wa ni mo bi ní ìbéèrè yẹn, nígbà àìsàn tó mú wọn lọ. Ẹ rántí bí àwọn ènìyàn ṣe máa ń kún yàrá wọn, tí àdúrà á máa dún dé títì. Lọ́jọ́ kan tí gbogbo wọn ti lọ, mo bi wọ́n pé kí ni àwọn fúnra wọn ń bẹ Ọlọ́run fún. Wọ́n ní ó ti pẹ́ tí àwọn ti tọrọ ìwòsàn gbẹ̀yìn. Pé ibi tó ń dun àwọn ni àwọn kàn máa ń sọ fún un. Mo ní àǹfààní wo ló wà nínú ìyẹn. Wọ́n ní nígbà tí àwọn ṣì ń ṣe bíríkìlà, bí àwọn bá wà lórí pákó lókè ilé alájà, àwọn máa ń pe lébìrà tó wà nísàlẹ̀ láti ìgbà dé ìgbà, kì í ṣe pé àwọn fẹ́ gba búlọ́ọ̀kù, àwọn kàn fẹ́ mọ̀ pé ènìyàn wà níbẹ̀. Mo ní ṣé Ọlọ́run ló wá di lébìrà. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi mú wọn. Ọ̀rọ̀ yẹn ni mo fi bẹ̀rẹ̀ àdúrà padà. Láàárọ̀, kí n tó wọ bàtà iṣẹ́, mo máa ń sọ fún un pé mo wà níhìn-ín, pé ó rẹ̀ mí, pé ìka méjì ń dùn mí. Mo máa ń béèrè ìwé mi náà. Mo máa ń béèrè Ṣẹ́gun. Ó lè gbà, ó lè má gbà, mi ò sì ní fi í sílẹ̀. Ẹ̀yin náà kò fi í sílẹ̀ nígbà tí Bàbá kú lẹ́yìn gbogbo àdúrà yẹn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi í sílẹ̀ nítorí tèmi.

Mo mọ ohun tí mò ń ṣe fún yín pẹ̀lú lẹ́tà yìí. Díákónì ni yín. Ẹ jó lójú gbogbo ènìyàn. Àwọn kan yóò fi yín rẹ́rìn-ín, ọ̀rọ̀ yóò sì máa tẹ̀ lé yín láti ṣọ́ọ̀ṣì dé ọjà. Ẹ dárí jì mí. Ẹ sọ fún wọn pé ẹ̀rí tiyín kì í ṣe irọ́, ohun tí ọmọ yín sọ fún yín lẹ sọ. Irọ́ náà, tèmi ni, ẹ jẹ́ kí n gbé e. Pásítọ̀, mo tọrọ àforíjì lọ́wọ́ ìjọ, mo sì bẹ̀ yín kí ẹ jẹ́ kí wọ́n ka lẹ́tà yìí síta lọ́jọ́ Ìsinmi, ní ibi tí wọ́n ti jẹ́ ẹ̀rí yẹn gan-an. Màámi, ẹ má tún bẹ̀rẹ̀ ogójì mìíràn nítorí mi. Bí ẹ bá bẹ̀rẹ̀, n ó gbọ́, mi ò sì ní irọ́ kankan mọ́ tí mo lè fi dá yín dúró.

Ohun kan ṣoṣo ni mo fẹ́ kí ẹ ṣe. Bí Bísí bá ti kà á tán, ẹ má rán an. Ẹ lọ sọ́dọ̀ Ìyá Ṣẹ́gun fúnra yín, kí ọjọ́ Ajé tó mọ́. Ẹ gbé oúnjẹ dání, ẹ̀yin ni kí ẹ sì kọ́kọ́ fi ẹnu kàn án, nítorí wọn kò ní jẹun bí ẹ kò bá jẹun. Ẹ sọ gbogbo rẹ̀ fún wọn. Wọ́n lè bínú, wọ́n lè lé yín jáde. Ẹ jókòó síbẹ̀. Ẹ ní kí wọ́n gbé oògùn wọn jáde, kí wọ́n lò ó lójú yín. Wọn yóò bi yín pé báwo ni Ọlọ́run yóò ṣe gbọ́ nípa Ṣẹ́gun bí àwọn bá ń jẹun. Ẹ sọ fún wọn pé Gbénga kò mọ̀. Mi ò mọ ibi tí Ṣẹ́gun wà, mi ò sì mọ ohun tí Ọlọ́run yóò ṣe. Ohun tí mo mọ̀ ni pé bí Ṣẹ́gun bá pè lọ́la, ìyá rẹ̀ ló yẹ kó gbé fóònù náà.

Ọlọ́run yóò fún yín lókun, yóò sì ṣọ́ gbogbo ọmọ tó wà lójú ọ̀nà, èyí tó ti dé àti èyí tí a kò tíì gbúròó. Ẹ bá mi kí gbogbo ará ilé, ẹ kí àwọn ìyá ọjọ́rú lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹ kí àwọn tó bá bínú sí mi náà. Bísí, o ṣeun. Ó dàbọ̀ ná.

Èmi ni ọmọ yín,
Olúgbénga